Ta ni yóò sanwó kànga kejì?

“Àgbá epo tí ẹ ń kà yẹn, Alágbà, ta ló fojú ara rẹ̀ rí i?”

Ìyá Aláṣọ ló béèrè. Ó ti bọ́ bàtà, ó nasẹ̀ sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀pà jẹ. Alágbà na fóònù jìnnà sójú bí ẹni tó gbàgbé awò sílé, ó ń ka ìkéde kan tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Manchester. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń wá epo rọ̀bì, tí wọ́n ń ta ṣíà rẹ̀ ní London ní pẹ́nì díẹ̀ péré, ti gba ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀ kan nílẹ̀ Áfíríkà níbí. Àwọn onímọ̀ ti ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀ náà, wọ́n sì ní epo tó lè wà níbẹ̀ tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù àgbá. Kò tíì sí kànga kan ṣoṣo. Ìwé àṣẹ wà, àwòrán wà, wọ́n sì ń wá owó tí wọn yóò fi lu ilẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí ẹjọ́ wọn kọ́ ni mo wá rò.

A wà lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé Tíṣà ní Òkè-Fìà, níbi tí àwa márùn-ún ti máa ń jókòó nírọ̀lẹ́ Sátidé. A ò lórúkọ, a ò ní alága. Èésú la fi bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ṣíà tó wọ̀ ọ́. Tíṣà fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì. Alágbà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ó sì ṣì máa ń sọ̀rọ̀ nípa Stéṣọ̀n Òṣogbo bí ẹni pé ọkọ̀ aago mẹ́rin ń bọ̀ lọ́nà. Ìyá Aláṣọ ní ṣọ́ọ̀bù méjì lọ́jà Ìgbọ̀nà. Oníkànga, tó kéré jù nínú wa, ń bá ènìyàn lu kànga ẹlẹ́rọ láti Ìkìrun títí dé Ẹdẹ. Èmi ń bá àwọn oníṣòwò tọ́jú ìwé owó, iṣẹ́ tí ẹnì kan kì í fi yangàn lóde àríyá.

Ohun tí Alágbà ń fẹ́ ni kí á dáwó jọ, kí ọmọ rẹ̀ bá wa rà á lọ́hùn-ún. Ìpàdé mẹ́ta la fi jà lórí rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́, epo la jà lé lórí. Ọjọ́ kẹta la tó jà lórí owó, lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè Ìyá Aláṣọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn oníṣẹ́ epo rọ̀bì ń gbà ka ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀pọ̀ àwa tó ń ra ṣíà la ò sì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Èyí tí wọ́n ń pè ní prospective, kò tíì sí ẹni tó lu ilẹ̀ kàn án. Àwòrán ló ní ó lè wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní contingent, wọ́n ti lu ilẹ̀, wọ́n ti rí epo, àmọ́ nǹkan kan ń dí i lọ́wọ́: ó lè jẹ́ páìpù tí kò sí, ó lè jẹ́ àṣẹ ìjọba, ó lè jẹ́ pé iye tí epo ń tà lọ́jà kò tó owó tí wọn yóò fi wà á jáde. Reserves nìkan ni epo tí wọ́n ti rí, tí wọ́n lè wà jáde, tí èrè yóò sì wà lórí rẹ̀. Nínú reserves pàápàá, àgbà ju àgbà lọ. Iye tí wọ́n bá pè ní 1P, àǹfààní 90 nínú 100 wà pé ohun tí wọn yóò rí kò ní dín sí i. 2P jẹ́ 50 nínú 100. 3P jẹ́ 10. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń wá olówó kì í sáábà fi 1P ṣe àkọlé.

Tíṣà ṣàlàyé èyí títí ojú Alágbà fi ń ṣú. Ìyá Aláṣọ ló là á.

“Ó yé mi. Ọ̀kan ni aṣọ tí mo lálàá rẹ̀. Ọ̀kan ni aṣọ tó ti dé wáàfù l'Ápàpá tí kọ́sítọ́ọ̀mù ò tíì fi sílẹ̀. Ọ̀kan ni aṣọ tó wà lórí káńtà mi. Èwo ni Alágbà ń kà fún wa?”

“Èyí tí ẹ lálàá rẹ̀,” Tíṣà dáhùn.

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ máa kà á lọ, sà.”

Ẹni tó bá jẹ́ pé jọ́gíráfì ni iṣẹ́ rẹ̀ kì í rí yanrìn kó má yàwòrán sí i. Tíṣà ṣẹ́ igi kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní lábẹ́ ẹsẹ̀ wa níhìn-ín, òkúta ni, òkúta àtayébáyé tí ooru ti sè, tó sì dì gbagidi. Ìdí nìyẹn tí wúrà fi wà lápá Ìjẹ̀ṣà tí epo kò sì lè sí l'Óṣogbo, bó ti wù ká gbẹ́ ẹ tó. Epo ń fẹ́ ilẹ̀ tí omi gbé wá, tó tò léra ní ìpele-ìpele. Nǹkan mẹ́rin sì gbọ́dọ̀ pé. Ìpele ilẹ̀ dúdú kan gbọ́dọ̀ wà tí òkú àwọn ohun abẹ̀mí inú omi ti jẹrà sí, tí ooru abẹ́ ilẹ̀ sì ti sè é débi tó yẹ. Yanrìn tó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà tí epo yóò gbé sí. Ìdérí amọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí yanrìn náà kó má bàa jò lọ. Ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ kodoro bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, kí epo lè dúró sójú kan. Ó yà á tán, adìyẹ kan rìn kọjá lórí ìdérí rẹ̀.

Èmi ni mo mú ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù jáde. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àǹfààní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá dára, ọmọ ilé-ìwé tó bá gbà á kò ní sunkún délé. Ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ pé pọ̀ lójú kan. Tí ẹ bá fi wọ́n ṣe ìlọ́po ara wọn, ohun tó kù jẹ́ nǹkan bíi mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún.

“Bí ìgbéyàwó ni,” Ìyá Aláṣọ wí. “Ọkọ fẹ́, ìyàwó fẹ́, owó wà nílẹ̀, bàbá ìyàwó ló kọ̀.”

Oníkànga ò sọ̀rọ̀ títí di ìgbà yẹn. Òun ló lu kànga ilé mi ní Òkè-Baálẹ̀, ó sì mọ̀ pé mi ò tíì gbàgbé. Ọdún 2013 ni. Ẹni tó ń ṣe sọ́fè kọ́kọ́ dé pẹ̀lú irin mẹ́rin, wáyà, àti ẹ̀rọ kékeré kan bíi rédíò. Ó gún irin mọ́lẹ̀, ó rán iná wọlẹ̀, ó kọ nọ́ńbà sínú ìwé, ó sún irin síwájú, ó tún kọ. Ó ní kí wọ́n lu ẹ̀gbẹ́ ògiri, omi yóò wà láàárín mítà 40 sí 60. Lọ́jọ́ kejì, rìígì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀, dé. Ẹni tó bá ti dúró nítòsí rìígì rí mọ ariwo rẹ̀: ilẹ̀ ń gbọ̀n, àwo ń jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Irin mítà mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní róòdù ni wọ́n ń so mọ́ra wọn, mo sì ń kà á bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Nígbà tó di róòdù kẹwàá, amọ̀ pupa ti tán, eruku funfun ló ń tú jáde. Kẹẹ̀ẹ́dógún, eruku. Ogún, eruku. Aṣọ tí aládùúgbò sá sórí okùn di aṣọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ilé tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́. Ní róòdù kẹtàdínlọ́gbọ̀n, mítà 81, Oníkànga ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ó bu eruku náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi hàn mí, ó fẹ́ ẹ dànù.

“Ẹ̀gbọ́n, kò sí.”

Mo bi í bóyá mo ṣì máa sanwó.

“Omi ni kò sí,” ó ní. “Mítà wà.”

Mo lu èkejì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lódì-kejì ọgbà. Omi tú jáde ní mítà 48, ó wẹ Oníkànga láti orí dé ẹsẹ̀. Ibi tí owó èkejì yẹn ti wá, màá sọ ọ́ níwájú.

Ohun tí Oníkànga wí fún Alágbà lọ́jọ́ náà rèé: “Bàbá, sọ́fè kì í rí omi. Ibi tí iná ti ń kọjá wọ́ọ́rọ́ ló ń rí. Ó lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ amọ̀ tútù.” Ti epo náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìró ni wọ́n ń rán wọlẹ̀ tí wọ́n sì ń gbọ́ bó ṣe ń padà. Àwòrán tó bá ti ibẹ̀ jáde lè fi bí ilẹ̀ ṣe tò hàn kedere, síbẹ̀ kò lè fi gbogbo ẹnu sọ bóyá epo ló wà nínú yanrìn yẹn tàbí omi iyọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó lu ilẹ̀. Mítà sì wà: nínú òkun, kànga kan ṣoṣo lè gba ogún, ọgbọ̀n mílíọ̀nù dọ́là, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oní-rìígì ń gba owó ojúmọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ epo ló tú, ìbáà jẹ́ eruku.

Alágbà kì í ṣe òmùgọ̀, ẹ má gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ máa fojú yẹn wò ó. Ní ìpàdé kejì, ó ti lọ kàwé, ó sì gbé ìwé ìkọ̀wé ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan dání. Ó ní tó bá jẹ́ pé bí àwa ṣe ń ṣe yìí ni gbogbo ayé ń ṣe, Nàìjíríà ò bá má tíì rí epo. Ó ní àwọn kan ti ń wá a lápá Àràròmí, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òní, láti 1908, Nigerian Bitumen Corporation ni wọ́n ń jẹ́, àwọn ará Jámánì ló wà nídìí rẹ̀. Ó ní Shell-D'Arcy ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, pé kànga tí wọ́n lu ní Ihuo ní 1951 gbẹ táútáú, pé wọn ò gbéṣẹ́ sílẹ̀, títí wọ́n fi kan epo ní Oloibiri ní 1956. Nígbà tó di 1958, ọkọ̀ ti ń gbé e lọ sókè òkun.

“Ghana ńkọ́?” Ó ti gbóná. “Kosmos, ọdún 2003 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré! Ní 2007 wọ́n lu kànga kan, pápá epo Jubilee rèé. Ìparí 2010, epo ti ń ṣàn. Ẹni tí kò bá rà nígbà tó kéré, ìgbà wo ló fẹ́ rà?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo lọ sílé, mi ò lè sùn bọ̀rọ̀, kì í ṣe pé mo gbà fún un, mo kàn mọ̀ pé nǹkan kan sọnù nínú ìtàn náà tí mi ò sì rí i mú. Òru ọjọ́ náà ni mo tó rí i. Àwọn tó wà l'Áràròmí kò wá epo jù tàbí kù ju Shell lọ. Ogun 1914 dé, owó àti ènìyàn wọn tán, iṣẹ́ parí. Shell lu kànga tó gbẹ, ó sì ní owó láti lu òmíràn, àti òmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Kosmos kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀: Warburg Pincus àti Blackstone, àwọn tí owó wọn kì í tán lóòjọ́. Gbogbo ìtàn tí Alágbà kà fún wa, ìtàn ẹni tó lè sanwó kànga kejì ni.

Ní ìpàdé kẹta, mo lọ tẹ ìwé ìṣirò ọdọọdún ilé-iṣẹ́ náà jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọ̀làìyá. Ìwé náà nípọn. Àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ọkùnrin tó dé akoto, òòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn rìígì. Mo ṣí gbogbo rẹ̀ kọjá lọ sẹ́yìn, níbi tí ẹnì kan kì í yàwòrán sí. Iye owó tó kù lọ́wọ́ wọn, mo fi iye tí wọ́n ń ná lóṣooṣù pín in: owó oṣù àwọn ọ̀gá, owó ìwé àṣẹ, owó lọ́yà, owó ọjà London, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Owó náà kò lè gbé wọn pé oṣù mẹ́jọ. Kànga tí wọ́n ń sọ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Mo wá wo iye ṣíà tó wà nílẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo fi wé ti ọdún yẹn. Ó ti di ìlọ́po márùn-ún.

Ìyá Aláṣọ béèrè ohun tí ìyẹn já sí. Mo ní kó fojú inú wo ìkòkò ọbẹ̀. Ẹran mẹ́wàá, ènìyàn mẹ́wàá. Àlejò dé, wọ́n bomi là á. Àlejò tún dé, wọ́n tún bomi là á. Ọbẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹran ò pọ̀. Ká ní ẹ ní ṣíà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún epo náà jẹ́ tiyín. Tí wọ́n bá ta mílíọ̀nù ọgbọ̀n mìíràn kí wọ́n tó lu ilẹ̀, ẹ ò ta tiyín, ẹnì kan ò jí i, àmọ́ ó ti di ìdá kan nínú irínwó. Àwọn tí wọ́n sì ń ta tuntun yẹn fún, olówó ńlá ni wọ́n, òru mọ́jú ni wọ́n ń fi tẹlifóònù parí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì sáábà máa ń fún wọn ní iye tó dín sí ti ọjà. Àwa ní tiwa, òwúrọ̀ la ó gbọ́.

“Nítorí náà, iṣẹ́ wọn gan-an, kí ni?” ó béèrè. “Epo ni wọ́n ń tà ni, àbí ìwé?”

Mo ní títí dòní, ìwé ni.

Ọ̀nà mìíràn wà, mi ò ní puró. Ilé-iṣẹ́ kékeré lè pe ńlá, kó fún un ní apá kan nínú ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ńlá bá a sanwó kànga. Farm-out ni wọ́n ń pè é, àwọn bàbá wa sì mọ̀ ọ́n dáadáa: ewúrẹ́ ọ̀sìn ni. Ìwọ lo ni ewúrẹ́, o ò ní koríko, o ò ní àsìkò. O fún ẹlòmíràn sìn, tó bá bímọ, ẹ ó pín in. Tí ilé-iṣẹ́ kékeré bá rí ẹni ńlá tó gbà láti sìn ín, èmi á tẹ́tí, nítorí ẹni yẹn ti rán àwọn onímọ̀ tirẹ̀ lọ wo ewúrẹ́ náà. Èyí tí Alágbà mú wá, ó ti ń wá ẹni tí yóò bá a sìn ín fún bí ọdún méjì. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú gbogbo ìkéde pé ìjíròrò ń lọ lọ́wọ́.

Ìtàn tó pa mí lẹ́nu mọ́ jù lọ nínú gbogbo èyí ni ti FAR. Ilé-iṣẹ́ kékeré ará Australia ni. Wọ́n lọ sí omi Senegal nígbà tí ẹnì kan ò kà á sí, wọ́n di ìwé àṣẹ mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí ẹni ńlá tó bá wọn sìn ín, ní 2014 wọ́n sì kan epo, kì í ṣe àmì epo, epo gan-an, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Sangomar. Ẹni tó bá ra ṣíà wọn kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ti wí i, ó sì rí bó ṣe wí i. Ṣùgbọ́n láti rí epo títí dé kí epo ṣàn, ilé ọ̀tọ̀ ni wọn yóò tún kọ́: kànga lórí kànga, ọkọ̀ ńlá tí yóò dúró lórí omi, páìpù. Gbogbo ẹni tó ní ìpín gbọ́dọ̀ dá owó tirẹ̀. Àrùn Kòrónà dé ní 2020, iye epo já, àwọn tó fẹ́ yá FAR lówó fà sẹ́yìn, kò rí owó tirẹ̀ dá mọ́. Ní 2021 ó ta ìpín rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ epo ńlá kan, Woodside, ó gba mílíọ̀nù 45 dọ́là lọ́wọ́, pẹ̀lú ìlérí pé ó lè tó mílíọ̀nù 55 sí i lọ́jọ́ iwájú. Epo Sangomar bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní oṣù kẹfà 2024, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n rí i. FAR ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìyá Aláṣọ fi ẹ̀pà sílẹ̀. “Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọn ò sì jẹ ẹ́.”

Alágbà ní orí burúkú ni tiwọn. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹni tí kò lówó nílẹ̀, ojúlé rẹ̀ ni orí burúkú máa ń mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ epo Lekoil náà wáyé, nítorí Alágbà fẹ́ràn orúkọ náà: ọmọ Yorùbá kan, Lekan Akinyanmi, ló dá a sílẹ̀, ó sì gbé e dé ọjà London ní 2013. Mo kàn rán wọn létí oṣù kìíní 2020. Ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òun ti rí owó yá, mílíọ̀nù 184 dọ́là, lọ́dọ̀ àjọ ìdókòwò ìjọba Qatar. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi rí i pé àwọn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe aṣojú àjọ náà rárá, gbájúẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n lu ilé-iṣẹ́ náà ní jìbìtì ni, mi ò ní òun ló lu ènìyàn. Ohun tí mo ń wí ni pé ebi owó kànga lè mú kí ojú ẹni tó já fáfá fọ́.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi jẹ́ ẹni tó ń ka ẹ̀yìn ìwé. Ní 2007, gbogbo Òṣogbo ló ń ra ṣíà. Fọ́ọ̀mù wà ní báńkì, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí i níbi ìkómọ. Àwọn kan ta ilẹ̀ bàbá wọn rà á. Èmi yá owó. Búrókà kan wà tó máa ń pè mí ní “Ṣíámáànù”, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2008, òǹkà tó ń fi bí gbogbo ṣíà ọjà wa ṣe ń tà hàn kọjá 66,000. Lẹ́yìn ọdún kan géérégé, ó ti wà ní ìwọ̀n 20,000. Búrókà náà kò gbé fóònù mi mọ́, olówó èlé tó yá mi lówó ló kù tó ń pè. Ọdún mẹ́rin ni mo fi san gbèsè náà. Sátífíkéètì ṣíà mi wà nínú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan lókè wọ́dúróòbù, ìyàwó mi máa ń gbọn eruku ara rẹ̀ nù láìsọ nǹkan kan, ìyẹn sì burú ju èébú lọ.

Nígbà tí kànga àkọ́kọ́ gbẹ ní Òkè-Baálẹ̀, àpò ìwé yẹn ni mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ta gbogbo ohun tó kù nínú rẹ̀ ní àdánù, òun ni mo fi lu èkejì. Nítorí náà, mo mọ adùn kànga kejì. Omi rẹ̀ la ń mu lónìí. Ẹni tó bá ní kí n má gbà gbọ́ nínú wíwá nǹkan lábẹ́ ilẹ̀, mi ò ní dá a lóhùn.

Tíṣà, tó ti dákẹ́ tipẹ́, wá mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ó ní gbogbo wa ń ṣírò èrè àti àdánù tiwa, ta ló ń ṣírò ti ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ náà? Ó ní ká lọ wo odò Ọ̀ṣun lẹ́bàá igbó, bó ṣe pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti ìgbà tí àwọn tó ń wa wúrà ti pọ̀ lókè odò. Ọmọ Òṣogbo ni gbogbo wa, a mọ ìtàn ìlú náà: Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn wá omi dé ibí, wọ́n gé igi, igi wó sínú odò, ohùn kan sì ké látinú omi pé, “Oṣó igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi tán!” Ìlú wa gba orúkọ rẹ̀ látara igbe ẹni tí wọ́n bà nǹkan jẹ́ fún. Ìyá Aláṣọ, tó ń ta àdìrẹ, rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló wá sanwó ìkòkò yẹn? Ẹnì kan ò dáhùn. Ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ẹgbẹ́ ò rà á. Ìyá Aláṣọ ní owó aṣọ ni tòun, Tíṣà ní mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí owó ìfẹ̀yìntì, èmi náà ní rárá. Ẹni tó yà mí lẹ́nu ni Oníkànga. Òun tó mọ eruku ju gbogbo wa lọ, ó lẹ̀ mọ́ Alágbà. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ẹ ò tíì rí ojú oníbàárà lọ́jọ́ tí omi bá tú.” Àwọn méjèèjì dá tiwọn, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Manchester.

Ó kù díẹ̀ tí mi ò sọ. Nígbà tí mo ń padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo dúró lójú ọ̀nà, mo pe Alágbà, mo ní kó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà tèmi kún un. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ìyàwó mi, tó o bá ń ka èyí, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péré ni.

Oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lu ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun ni, wọ́n ti tan iná olójú mẹ́rìndínlógún láàfin, ìlú kún fún àlejò, ìlù ò dákẹ́ mọ́jú. Fóònù mi dún ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀, àkókò tí London máa ń tú ìkéde sílẹ̀. Alágbà ni. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Wọ́n ní àwọn rí àmì epo! Wọ́n ní ó fún àwọn ní ìṣírí gidi!”

Mo ní, “Ẹ kú oríire, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìlà tó tẹ̀ lé e.”

Mo gbọ́ bó ṣe ń kà á sínú, ètè rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Epo náà ò tó èyí tí wọ́n lè fi ṣòwò. Wọn yóò di kànga náà pa. Òye tí wọ́n rí níbẹ̀ yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí kànga kejì, nítorí èyí, wọ́n ti ta ṣíà tuntun lálẹ́ àná.

Ó dákẹ́. Ìlù ń lọ lọ́ọ̀ọ́kán.

“Eélòó,” ó béèrè, “ni wọ́n ta tuntun náà?”